Ìwé Wo Ló Yẹ Kí Òbí Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù Kọ́kọ́ Ṣí?

Òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù (autism), ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó máa ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe, kì í wá ìwé tì. Kó ṣáà ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, ìwé á pọ̀ débi pé kò ní mọ èyí tí yóò mú. Ọ̀kan ní oúnjẹ ló fà á, èkejì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ẹ̀kẹta ní kí wọ́n máa fi ogójì wákàtí kọ́ ọmọ lọ́sẹ̀, ẹ̀kẹrin ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Akẹ̀sán tàbí bàbá tó ń wa mọ́tò láti Tákíè lọ sí Ìlọrin kò ráyè ka gbogbo ìyẹn, kò sì nílò láti kà á.

Ìmọ̀ràn wa kò gùn: ìṣòro kan, ìwé kan. Ẹ wo ohun tó le jù nínú ilé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ọmọ kì í sọ ohun tó fẹ́ ni? Ṣé ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ ni? Àbí igbe tó máa ń ké tí ẹ bá gbé e dé àárín èrò? Ẹ wá ìwé tó dá lórí nǹkan yẹn, ẹ ka orí kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ohun tí orí náà wí kí ẹ tó ṣí òmíràn. Ìwé márùn-ún tí èèyàn kà tán láìfi ọwọ́ kan iṣẹ́ inú wọn kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́.

Kí ẹ tó náwó sórí ìwé

Ìwé kò lè sọ fún yín bóyá ọmọ yín ní ọ́tísíìmù. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fọ́tò orí tó ń fi í hàn. Dókítà á wo bí ọmọ ṣe ń ṣeré àti bó ṣe ń dá èèyàn lóhùn, á sì bi yín bó ṣe ń dàgbà látìgbà tí ẹ ti bí i. Ọmọ tó pé oṣù 12 tí kò tíì máa wí "bàbàbà, màmàmà", tí kì í na ìka sí nǹkan. Ọmọ tó pé oṣù 16 tí kò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Ọmọ tó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, iye ọdún yòówù kó jẹ́: ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n lè máa sọ fún yín pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, ẹ ṣì lọ.

Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kì í dáhùn orúkọ rẹ̀, kì í sì í tètè sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la máa ń rí i lára ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Tí wọn kò bá yẹ etí wò, ẹ lè fi ọdún kan ka ìwé ọ́tísíìmù fún ọmọ tó jẹ́ pé ohun èlò ìgbọ́ràn ló nílò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen ni ẹ lè kọ́kọ́ kọrí sí. Tí ọ̀rọ̀ bá gba kí dókítà ọpọlọ ọmọdé rí i, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ni kí ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ ìwé yín sí.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà

Ọdún yìí máa ń wà lójú ewé tó tẹ̀lé àkọlé. Ó ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó bá ń ra ìwé àlòkù.

Ní 1943 ni Leo Kanner, dókítà ọpọlọ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó sì lo orúkọ ọ́tísíìmù fún ohun tó rí lára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló ń fà á. Ìwé The Empty Fortress tí Bruno Bettelheim gbé jáde ní 1967 tan èrò yìí káàkiri ayé. Irọ́ gbáà ni. Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ti kọ ìwé ní 1964 láti fi hàn pé bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá, ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì gbè é lẹ́yìn. A ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹ̀bi ti ń pọ̀ jù lọ́rùn ìyá nílẹ̀ wa kí ìwé kankan tó dá sí i. Wọ́n á ní kí ló jẹ nígbà tó wà nínú oyún, ta ló ṣẹ̀, ṣé ọmọ ọ̀hún kò ní ẹgbẹ́. Ìyá tó bá wá ká irú ẹ̀sùn yẹn mọ́ inú ìwé Òyìnbó á rò pé àwọn onímọ̀ ti jẹ́rìí sí i. Wọn kò jẹ́rìí sí i, ìyá. Ẹ pa ìwé náà dé.

Nǹkan kejì tí ọdún máa ń sọ fún yín ni orúkọ. Ní 2013, àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kó Asperger (orúkọ tí wọ́n ń lò fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa àmọ́ tí ìwà àwùjọ ń ṣòro fún) àtàwọn orúkọ mìíràn bíi rẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, wọ́n sì pín in sí ìpele mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́ tí ẹni náà nílò ṣe pọ̀ tó. Ìwé tó bá ya Asperger sọ́tọ̀ ti lè ṣáájú ìgbà yẹn. Kò sọ pé ìmọ̀ràn inú rẹ̀ ti di àlòpatì, kẹ́ ẹ má kàn jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú.

Ọmọ tí kò tíì máa béèrè nǹkan

Fún ọmọ tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, ìwé méjì la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. More Than Words ni ọ̀kan, Fern Sussman ló kọ ọ́ fún Hanen Centre ní Kánádà, ó sì kọ́kọ́ jáde ní 1999. Àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì fi èdè onímọ̀ dí òbí lójú. Ó pín àwọn ọmọ sí ìpele mẹ́rin: ọmọ tó ń ṣe tirẹ̀ láìka ẹnikẹ́ni sí, ọmọ tó máa ń fa èèyàn lọ́wọ́ lọ síbi ohun tó fẹ́, ọmọ tó ti ń fi àmì tàbí ọ̀rọ̀ díẹ̀ bá èèyàn lò, àti ọmọ tó ti lè bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Ẹ mọ ibi tí tiyín wà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí òbí máa fi iṣẹ́ ìpele kẹta kọ́ ọmọ ìpele kìíní, kó máa ní "sọ pé omi, ó yá, sọ pé omi" fún ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé èèyàn lè fún òun ní nǹkan. Omijé ni í gbẹ̀yìn rẹ̀, tọmọ tìyá.

Ìwé kejì ni An Early Start for Your Child with Autism, tí Sally Rogers, Geraldine Dawson àti Laurie Vismara kọ ní 2012. Ohun tó wù wá nínú rẹ̀ ni pé kò ní kí ẹ ra ohunkóhun: ìwẹ̀, oúnjẹ, aṣọ wíwọ̀ àti eré ló fi ń kọ́ ọmọ. Ó ní kí eré kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́rin: ìbẹ̀rẹ̀, eré gan-an, àyípadà díẹ̀, àti ìparí. Eré àwọn Òyìnbó ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bojúbojú wa bá a mu láìku síbì kan.

Ẹ jókòó sílẹ̀ kí ojú yín àti ojú ọmọ wà lọ́gbọọgba, kí ẹ fi ìborùn bo ojú ara yín. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Bojúbojú o!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbè é: "Òo!" "Olórò ń bọ̀!" "Òo!" "Ẹ para mọ́!" "Òo!" "Ṣé kí n ṣí i?" Ẹ dákẹ́ níbí. Ẹ má tíì ṣí i. Ẹ rọra ka ení dé márùn-ún nínú, kí ẹ máa wo ọmọ láti abẹ́ ìborùn. Tó bá wò yín, tó bá fọwọ́ kan aṣọ, tó bá gbé ara sókè, tí ohùn kékeré kan bá jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ti dáhùn. Ẹ ṣí i lójú ẹsẹ̀, "Ṣí i, ṣí i, ṣí i!", kí inú yín sì dùn kó hàn. Tí eré bá ti mọ́ ọn lára, ẹ yí i díẹ̀, ẹ bo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ti ọmọláńgidi. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹ ní "Ó tán", kí ẹ jọ ká ìborùn náà, kí ẹ gbé e síbi tó ń gbé. Apá ìparí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fò, wọ́n á kàn dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, ọmọ á bú sẹ́kún torí kò mọ ìgbà tí eré parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Tí ẹ bá ti ṣe é nínú eré, ẹ ṣe é nídìí oúnjẹ. Ẹ fọ́ bisikíìtì kan sí wẹ́wẹ́, ẹ mú ègé kan sí ẹ̀bá ojú yín, ẹ dúró. Bó bá ti wò yín tàbí tó nawọ́, ẹ dárúkọ nǹkan náà lẹ́ẹ̀kan, "bisikíìtì", ẹ fún un. Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ nínú agbo ilé ni àánú: màmá àgbà á rí i pé ọmọ ń dúró, á kó odindi bisikíìtì lé e lọ́wọ́. Ẹ má bá màmá jà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn gan-an jẹ́ ẹni tí yóò máa di ègé bisikíìtì mú, kí ẹ sì fi bí wọn yóò ṣe dúró hàn wọ́n. Ọmọ tí ẹni mẹ́rin ń kọ́ ní nǹkan kan náà á tètè gbọ́ ju èyí tí ẹnì kan ń kọ́, tí ẹni mẹ́ta ń tú u.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí: èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹ má torí ìyẹn bá ọmọ sọ Òyìnbó. Wọ́n máa ń sọ fún òbí nílé ìwé pé kí wọ́n pa Yorùbá tì nítorí èdè méjì á da ọmọ rú. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù tí wọ́n ń gbọ́ èdè méjì kò rí i pé ó fa ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n gba Yorùbá kúrò létí rẹ̀ kò ní lè bá màmá àgbà, àwọn ará agbo ilé àti àwọn ọmọ aládùúgbò sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn tó sì ń bá a gbélé jù nìyẹn. Èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni kí ẹ sọ, ní gbólóhùn kúkúrú. Oríkì náà wúlò púpọ̀ níbí: orin ló dà bí, ohun kan náà ló máa ń jẹ́ lójoojúmọ́, ẹ sì lè dá a dúró lágbedeméjì kí ẹ wo bóyá ọmọ á wojú yín pé kí ẹ máa bá a lọ.

Àwòrán fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tíì yọ lẹ́nu rẹ̀

Ní 1985 ni Andy Bondy àti Lori Frost bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ ti ń fi àwòrán lé èèyàn lọ́wọ́ láti béèrè nǹkan. PECS ni wọ́n ń pè é. Ìwé wọn fún òbí ni A Picture's Worth, ìpele mẹ́fà ni ọ̀nà náà sì ní. Ìpele kìíní gba àgbà méjì. Ẹni kìíní jókòó síwájú ọmọ pẹ̀lú ohun tí ọmọ fẹ́ràn, àkàrà gbígbóná ni ká sọ. Ẹnì kejì wà lẹ́yìn ọmọ. Bí ọmọ bá ti nawọ́ sí àkàrà, ẹni ẹ̀yìn á rọra darí ọwọ́ rẹ̀ sórí àwòrán, á bá a gbé e lé ọwọ́ ẹni iwájú. Ẹni iwájú á ní "àkàrà!", á sì fún un ní ègé kan kíá. Ẹni ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, ẹni iwájú kò sì gbọ́dọ̀ béèrè pé "kí lo fẹ́?" Tí ẹ bá ń béèrè, ọmọ á kọ́ láti dúró de ìbéèrè kó tó sọ nǹkan, a sì fẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹni ẹ̀yìn á máa yọwọ́.

Àwòrán inú ìwé kò bá ilé wa mu, ẹ má gé wọn lò. Ẹ fi fóònù ya ife tí ọmọ yín gan-an fi ń mu omi, àkàrà tí ẹ ń rà, ṣálángá tàbí ilé ìgbẹ́ tí ẹ ń lò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, bíi ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó tó bíi ìka mẹ́ta níbùú lóròó, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ẹ fi sẹ́lótéèpù bo gbogbo ojú rẹ̀ kí itọ́ àti omi má bà á jẹ́. Ẹ ṣe méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀kan á sọnù. Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù pé àwòrán kò ní jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwádìí kò fi hàn bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ nǹkan lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fi àwòrán béèrè rẹ̀.

Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ìwà àwùjọ kò yé

Ìkíni ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń mú wá nílẹ̀ Ọ̀yọ́: ọmọ rí àgbà, kò dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ. Carol Gray, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn kéékèèké fún irú nǹkan báyìí, The New Social Story Book sì wà nínú àwọn ìwé rẹ̀. Òfin rẹ̀ rọrùn: fún gbólóhùn kan tó bá ń sọ ohun tí ọmọ á ṣe, ó kéré tán kí méjì máa ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹ má fi "o gbọ́dọ̀" sí i. Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé ní Yorùbá:

"Orúkọ mi ni Àyọ̀. Nígbà mìíràn, àlejò máa ń wá sílé wa. Tí àlejò bá wọlé, àwọn ará ilé wa máa ń kí i. Tí a bá kí àgbà, inú wọn máa ń dùn, wọ́n á mọ̀ pé a rí wọn. Mo lè dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, tàbí kí n ní 'Ẹ káàbọ̀'. Lẹ́yìn náà, mo lè padà síbi eré mi."

Ẹ kà á fún un nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́, kí àlejò tó dé. Àṣìṣe ńlá ni kí ẹ máa kà á sí i létí bí ẹni ń bá a wí lẹ́yìn tó ti kọ̀ tí kò kí. Bí ìwé kan bá ní kí ẹ máa fipá mú ọmọ wo ojú àgbà, ẹ fi apá yẹn sílẹ̀: ó ń ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí lára, àṣà wa pàápàá kò sì béèrè pé kí ọmọdé tẹjú mọ́ àgbà.

Lórí ilé ìgbẹ́, Maria Wheeler kọ ìwé kan tó dá lórí ìyẹn nìkan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ kọ àkókò tí ọmọ ń tọ̀ àti ìgbà tí aṣọ rẹ̀ ń gbẹ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ wákàtí tó yẹ kí ẹ gbé e lọ. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ le, torí ọmọ tí ìgbẹ́ ń dùn á sá fún póò.

Ọmọ tí ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun tàbí gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ lẹ́nu, The Out-of-Sync Child tí Carol Kranowitz kọ ní 1998 á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ́tísíìmù nìkan ló ń sọ. Fún ìgẹrun, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà láìtàn án fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wá tàn án lókèèrè. Ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mímú un mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ onígẹrun á mú tọjọ́ mìíràn le sí i.

Ìwé àwọn tó ní ọ́tísíìmù fúnra wọn kì í ṣe ìwé iṣẹ́, ìwé òye ni. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn tí kò tètè sọ̀rọ̀ ní kékeré, kọ Thinking in Pictures ní 1995. Naoki Higashida ọmọ ilẹ̀ Japan ló kọ The Reason I Jump. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn lórí ọ̀nà tó gbà kọ ọ́, nítorí náà ẹ kà á gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹnì kan, ẹ má fi wọn ọmọ yín.

Àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi owó yín rà

Ìwé tó bá ní òun á wo ọ́tísíìmù sàn, ẹ sá fún un. Ọ̀rọ̀ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa ọ́tísíìmù ti inú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń jẹ́ Lancet ní 1998 wá, Andrew Wakefield àtàwọn kan ló kọ ọ́ lórí ọmọ 12. Lancet fa ọ̀rọ̀ náà yọ ní 2010, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò láàárín àwọn dókítà Bìrìtìkó. Èéyi (measles), tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà, ń pa ọmọ nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá torí ìwé yẹn fi abẹ́rẹ́ du ọmọ ti gbé e sínú ewu tó dájú. Àwọn mìíràn ń kọ́ òbí láti fún ọmọ mu chlorine dioxide tí wọ́n ń pè ní MMS. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó nǹkan funfun ni, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti kìlọ̀ fáyé pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Oògùn tí wọ́n ní ó ń fa májèlé irin kúrò lára náà ti pa ọmọ ọdún márùn-ún kan ní Amẹ́ríkà ní 2005.

Bí owó ìwé kò bá sí

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan fún òbí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án tí ìdàgbàsókè rẹ̀ ń falẹ̀. Caregiver Skills Training ni kí ẹ tẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú WHO. Ìpàdé mẹ́sàn-án àti àbẹ̀wò ilé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é fún ibi tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa ráyè kà, èyí ni kí ẹ kà. Disabled Village Children tí David Werner kọ ní 1987 náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Hesperian. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ti ọ́tísíìmù, ṣùgbọ́n ó kọ́ni bí a ṣe ń fi nǹkan inú ilé dán ìgbọ́ràn ọmọ wò àti bí a ṣe ń fi igi àti páálí ṣe ohun ìṣeré.

Federal College of Education (Special) wà nínú ìlú Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọmọ tó nílò àkànṣe. Ìrìn Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kò jìnnà. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ má kàn béèrè pé ìwé wo ló dára. Ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tó le jù sórí ìwé, ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀, ohun tó máa ń ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ẹ máa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, fún ọjọ́ méje. Ẹ fi lé olùkọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì ní kó fi orí ìwé tó bá a mu hàn yín.